Máṣíìnì Tó Wọ Inú Àtẹ́lẹwọ́

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta
Máṣíìnì ìránṣọ tí mo bá Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì dé. Ọwọ́ kan ni ẹni tó gbé e wá fi gbé e. Ó yẹ kí n ti fura. Nínú àwòrán, ó tóbi, ó ń dán, ó jókòó sórí tábìlì bí ọ̀gá. Nínú páálí, ó wọ inú àtẹ́lẹwọ́ mi, àyè sì tún kù.
Ẹ̀gbọ́n wò ó títí. "Ìyá ẹ̀ dà?"
Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Máṣíìnì tirẹ̀ ti kú pátápátá, aṣọ odindi ilé-ìwé kan sì wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbà á kí sáà tuntun tó wọlé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á. Ìfọkàntán ni orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní àwòrán kì í sọ bí nǹkan ṣe tóbi tó. Ó ní ṣé ó ń rán aṣọ àbí kò rán? Ó fi àwòrán ọwọ́ àdúrà parí ọ̀rọ̀.

Ọjọ́rú, 5
Mo gbé ẹjọ́ lọ bá àwọn tó ni ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì náà. Mo ti sọ ẹni tó ń dá mi lóhùn ní Ẹ-Má-Bínú, torí ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má bínú, owó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn. Ẹ má bínú, kí a ya fídíò tó fi hàn pé máṣíìnì ò lè rán aṣọ. Ẹ má bínú, ọjọ́ Ẹtì ni gbèdéke.

Ọjọ́bọ̀, 6
Iná lọ. Fóònù kú. Ìfọkàntán ń sinmi.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
A ya fídíò. Mo ṣàlàyé fún Ẹ̀gbọ́n dáadáa: kó jókòó, kó rán àpò ṣòkòtò kan, kó jẹ́ kó bàjẹ́, kó dìde. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni mo yà.
Òwú kọ́kọ́ já. Inú mi dùn. Ó tún un so. Ó ń fi èékánná ti aṣọ, ó ń fọwọ́ yí máṣíìnì díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bọ́ ọmọ tí kò fẹ́ jẹun. Mo ṣẹ́jú sí i. Mo húkọ́. Ó ní kí n lọ mu omi.
Nígbà tó parí — gbogbo ọ̀sán ti lọ — àpò yẹn gún bíi pé wọ́n fi rúlà fà á.
Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ẹ bà á jẹ́ la jọ sọ."
"Kí n jókòó rán ìrànkuràn kí ayé máa wò mí? Orí ẹ pé ṣá?"
Ó kọ̀ láti tún un ṣe. Mo fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n fi làákàyè wò ó.

Ọjọ́ Ajé, 10
Ìdájọ́ dé. Ẹ má bínú, máṣíìnì ń ṣiṣẹ́, ìrán rẹ̀ sì mọ́. Wọ́n ti san owó fún Ìfọkàntán. Wọ́n ní ìràwọ̀ mélòó ni mo fẹ́ fún ìtọ́jú tí wọ́n ṣe fún mi.
Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí Ẹ̀gbọ́n.
"Wọ́n ní ó mọ́?" Ohun tó gbọ́ nìyẹn.

Ọjọ́rú, 12
Ìyá onílé-ìwé wá kó aṣọ rẹ̀. Ó ń gbé e lọ fún aránṣọ òdìkejì títì. Ẹ̀gbọ́n bá a ká a dáadáa, ó bá a dì í, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó wọ yàrá. Kò jáde mọ́ lónìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Fídíò wa ló wà níwájú ṣọ́ọ̀bù Ìfọkàntán lórí íńtánẹ́ẹ̀tì báyìí. Wọ́n ti fi orin sí i. Wọ́n gé ibi tí òwú ti já. Wọ́n gé ikọ́ mi. "Ẹ wo ohun tí oníbàárà wa ń fi í ṣe!" Ọwọ́ àdúrà.
Mo kọ̀wé sí Ẹ-Má-Bínú. Ó ní fídíò tí mo bá ti fi ránṣẹ́ ti di ti ọjà. Ẹ má bínú.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Àǹtí, àbúrò Màmá tó ń gbé ọ̀nà jíjìn, pè mí. Ó ti gbọ́ pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n, òun ò rí oorun sùn. Ó ní kí n má tíì sọ fún un o: òun ti ra máṣíìnì tuntun fún un, ó ti wà lọ́nà.
Mo ní, níbo lẹ ti rà á, Àǹtí?
Ó ní òun ò kàn rà á láìyẹ̀ ẹ́ wò bíi tèmi. Òun rí fídíò obìnrin kan tó ń fi í rán àpò ṣòkòtò, òun wò ó ní àwòtúnwò kí òun tó sanwó.
"Iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin yẹn mọ́ kọjá sísọ," ó ní. "Irú wọn ló yẹ kí ẹ̀gbọ́n ẹ lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn."