Ẹni Tí A Ó Kọ́kọ́ Sọ Fún

Ọpẹ́fólúwa ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ara ńkọ́? Odò onísìmẹ́ńtì tí ẹ ti ń lúwẹ̀ẹ́ ní yunifásítì yín ní Ìbàdàn ńkọ́? Ọlọ́run tó ń mú ọkọ̀ wa dé èbúté ní Zion Pepe níbí kò ní jẹ́ kí omi ibẹ̀ ṣe ọ́ ní nǹkan. Gbogbo wa ló wà láàyè. Moríkẹ́ ìyá rẹ ti pààrọ̀ pákó tó jẹrà lẹ́nu ọ̀nà, edé pọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, adìyẹ rẹ funfun sì jábọ́ sómi ṣùgbọ́n mo yọ ọ́.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé inú mi ò dùn sí Rekiyat, ọmọ Ìsẹ́yìn tí o sọ pé ilé ẹ̀kọ́ yàn tì ọ́ nítorí pé o jẹ́ eléré ìdárayá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. O ní eléré ni òun náà, ó ti wà ní ọdún kẹta, òun ló ń sọ ìgbà tí wàá kàwé, ìgbà tí wàá jẹun àti ìgbà tí wàá sùn. O tún ní eré sísá ni tirẹ̀, pé kò mọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Eré sísá! Ọmọ tí mo so kẹ́ẹ̀gì òfìfo mọ́ nídìí, tí mo gbé sómi kó tó mọ ABD, ọmọ orí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n wá ní kó máa tọ́ ọ sọ́nà. Bó bá jẹ́ ti ọdún ni, ọdún kẹta lòun wà, èmi wà ní ọdún kọkàndínlógún lórí rẹ, kò sì sẹ́ni tó yàn mí sípò kankan.

Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù Godspower àbúrò mi tún dá kún un. Rekiyat fi táwẹ̀lì bò ọ́, ó gbé ọwọ́ lé ọ léjìká, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó bí ọ. Mo fi àtàǹpàkò bo ojú rẹ̀ kí n lè rí ìwọ nìkan, àfi bí ọkàn pupa kan ṣe yọ lábẹ́ fọ́tò. Godspower ní mo ti fi ìfẹ́ ránṣẹ́ nìyẹn. Jọ̀ọ́, sọ fún ọmọ náà pé n kò fi ìfẹ́ kankan ránṣẹ́ sí i, kó dá a padà.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Sátidé. Mo wa ọkọ̀ lọ síbi tí nẹ́tíwọ́kì wà, mo pè ọ́, Rekiyat ló gbé e. Ó kí mi dáadáa, n kò ní purọ́ mọ́ ọn, àní mo gbọ́ ọ nínú fóònù pé ó kúnlẹ̀. Ó ní o ń sùn, pé ẹ máa díje lọ́jọ́ kejì, òun ò sì ní jí ọ. Bàbá rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún! Ó wá ní kí n má ṣèyọnu, pé o kò sunkún mọ́, pé o ti tú ẹrù tí o dì láti máa bọ̀ wálé.

N kò mọ̀ pé o ń sunkún, Ọpẹ́. N kò mọ̀ pé o di ẹrù. Mo jókòó sínú ọkọ̀, n kò lè wà á. Mo jowú, n kò ní fi pamọ́ fún ọ. Ṣé o rántí fọ́ọ̀mù tí wọ́n ní kí n kún nígbà tí o fẹ́ wọlé? Wọ́n béèrè níbẹ̀ ẹni tí a ó kọ́kọ́ sọ fún bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yìí. Mo kọ orúkọ mi gàdàgbà, mo kọ Zion Pepe tì í, mo fọwọ́ sí i. Ta ló wá fún ọmọ Ìsẹ́yìn láṣẹ láti kọ́kọ́ gbọ́? Àbí ẹkún kì í ṣe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ?

Ìyá rẹ ní mò ń ṣe bí ọmọdé, pé bí kò bá sí Rekiyat, o ti padà wálé tipẹ́. Ó di ẹja yíyan méjì, ọ̀kan fún ọ, ọ̀kan fún un, wọ́n sì dọ́gba. Mo ti tún wọn dì. Tìrẹ ló tóbi jù báyìí.

Mo gbọ́ pé wọ́n ń fún ẹ̀yin eléré lówó oúnjẹ, nítorí náà fi díẹ̀ ránṣẹ́, kí n fi wọkọ̀ dé Igbókòdá, kí n wọ mọ́tò níbẹ̀. Má san án sí báńkì o, wọ́n ní kí n wá fi ojú mi han ẹ̀rọ, n kò sì fẹ́ kí ẹ̀rọ máa wò mí bí mo bá ń gbowó. Mo fẹ́ wá gba irú fọ́ọ̀mù tí Rekiyat gbà kí wọ́n tó yàn án tì ọ́, bóyá wọ́n á gbé iṣẹ́ náà fún ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Bí wọ́n bá kọ̀, wá fọ́ọ̀mù mi àkọ́kọ́ jáde, kí o kọ orúkọ Rekiyat sábẹ́ tèmi. Bí ẹkún bá tún dé, tó jẹ́ òun ló wà nítòsí, sọ fún un, má gbé e mì. Lẹ́yìn náà kí o pè mí. N ó ṣe bí ẹni pé èmi lo kọ́kọ́ sọ fún.

Olúwa kò ní jẹ́ kó rẹ̀ ọ́ láàárín odò. Wàá gúnlẹ̀ láyọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọlábọ̀dé.