Ta Ni Ẹ Ń La Orógbó Sílẹ̀ Fún?

Bàbá mi tí mo fi ojú jọ,

Mi ò mọ èyí tí màá fi kí yín nínú gbogbo ẹ kú tí a ní. A ní ti àárọ̀, a ní ti ìjókòó, a ní ti òjò, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ èyí tí ọmọ fi ń kí òkú rí. Ẹ jẹ́ kí n fò ó ná. Ọ̀rọ̀ kan ló rú mi lójú, ẹ̀yin nìkan lẹ sì mọ ìdáhùn rẹ̀.

Mo ti di panápaná bíi tiyín, Bàbá. Ẹ má bínú. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú yín ni mo fi iṣẹ́ báńkì Òkè-Ìléwó sílẹ̀, mi ò sì tíì lè ṣàlàyé rẹ̀ fún Màámi títí dòní. Bọ̀ọ̀dá Làmídì, ọmọ ẹ̀yìn yín àtijọ́, ni ọ̀gá mi báyìí. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Kì í wo ojú mi tó bá ń bá mi sọ̀rọ̀, mo sì ń rò pé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbé áàpù kan wá fún wa, sórí fóònù, kí àwa panápaná lè máa sọ ohun tó wà lọ́kàn wa fún ara wa. Kì í ṣe dókítà ló ń gbọ́ ẹ níbẹ̀, ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí irú ohun tí ojú rẹ rí ni. Kò sí ẹni tó ń lo orúkọ ara rẹ̀. Wọ́n yan àwa díẹ̀, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń gbọ́ràn láì sáré gbani nímọ̀ràn. Èmi tí ẹ máa ń pè ní aláròyé, wọ́n sọ mí di olùgbọ́. A jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ohun tí a bá gbọ́ kò ní jáde lẹ́nu wa. Mo rò pé sísọ fún yín kò ba ẹ̀jẹ́ náà jẹ́. Àbí ó bà á jẹ́?

Láràárọ̀, áàpù náà á bèèrè bóyá àlàáfíà ni. Ibi méjì ló wà láti tẹ̀: Àlàáfíà ni, àti Kò sí àlàáfíà. Bàbá, ta ni ọmọ Ẹ̀gbá tó máa jí, tí kò tíì fọ ẹnu, tó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ kò sí àlàáfíà? Ẹni tó ṣe é rò pé ìbéèrè ni, kò mọ̀ pé ìkíni ni. Ẹni tí iná jó létí ń tẹ àlàáfíà ni. Ẹni tó gbé òkú jáde lánàá náà ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń bójú tó o rò pé kò sí panápaná tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ tó tiwa ní Abẹ́òkúta. Èmi náà ń tẹ̀ ẹ́. Ó ṣe tán, ohun tí ẹ̀yin fi ń dá wa lóhùn nìyẹn tí a bá kí yín ẹ kú iṣẹ́, tí ẹ ń fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìnkùlé.

Wọ́n fi ẹnì kan tó sọ ara rẹ̀ ní Odò Ògùn sọ́dọ̀ mi. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àlàáfíà ni ló ń tẹ̀, kò sì kọ nǹkan míì. Lọ́jọ́ kan ó sú mi, mo pa ìbéèrè wọn tì, mo bi í léèrè ohun tó jẹ láàárọ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìkíni, a ò há ìdáhùn rẹ̀ sórí. Kò jẹ nǹkan kan. Kò jẹ nǹkan kan lánàá náà. Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde nìyẹn.

Ó kọ nípa iná kan tó jó n'Ígbẹ̀ìn, nílé ìyá arúgbó kan tó ń rẹ aṣọ láró. Ìyá náà ti jáde, ó tún padà wọlé nítorí aṣọ oníbàárà. Ọ̀gá Odò Ògùn tẹ̀lé e wọlé, ó sì rí ọwọ́ rẹ̀ dì mú, ṣùgbọ́n òrùlé ti ń wó. Odò Ògùn di bẹ́líìtì ọ̀gá rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn, ó fà á jáde tipátipá. Ọwọ́ ìyá náà bọ́. Aró ló kún àtẹ́lẹwọ́ ọ̀gá náà nígbà tó jáde. Láti ọjọ́ náà, kò bínú, kò dúpẹ́, kò sì la orógbó sí méjì fún un mọ́ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀, bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá náà ti kú báyìí. Ohun tí Odò Ògùn fẹ́ mọ̀ lọ́wọ́ mi ni bóyá ó dárí ji òun.

Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n orógbó, Bàbá. Ta ló tún ń ṣe bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí yín? Bọ̀ọ̀dá Làmídì lẹ sì máa ń là á fún.

Ṣé ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi wọ bùbá àdìrẹ tí mo rà fún yín? Mo rò pé ẹ gán an ni. Mo gbà á padà, mo fi ta ará Aké kan lọ́rẹ, mi ò sì bá yín jẹun títí oṣù fi parí. Ẹ kàn ń rí i pé wọ́n bu oúnjẹ tèmi sọ́tọ̀. Ó ń dùn mí báyìí, ó ń dùn mí gan-an. Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?

Kí ni kí n dá Bọ̀ọ̀dá Làmídì lóhùn? Tí mo bá ní ẹ dárí jì í, ṣé irọ́ kọ́ ni mo pa? Tí mo bá dákẹ́, ó ń rù sí i lójoojúmọ́. Tí mo bá sọ pé èmi ni olùgbọ́, mo ti ba ẹ̀jẹ́ jẹ́, ojú wo ló sì máa fi wò mí?

Lọ́jọ́ Sátidé, mo bá Màámi tún yàrá yín ṣe. Mo rí agolo mílíìkì kan lẹ́yìn àga yín, ìlàjì orógbó ló kún inú rẹ̀, wọ́n ti gbẹ, wọ́n le bí òkúta. Kò ya Màámi lẹ́nu. Láràárọ̀, títí di ọ̀sẹ̀ tí ẹ kú, ẹ ń la ọ̀kan sí méjì, ẹ ń jẹ ìlàjì, ẹ ń sọ ìyókù sínú agolo. Orógbó kò ní awẹ́ bí obì, kì í dá ara rẹ̀ là. Ta ni ẹ ń là á sílẹ̀ fún? Ṣé òun ni? Àbí ọwọ́ yín kàn ti mọ́ ọn lára ni? Mo bínú sí yín díẹ̀. Orógbó kò lẹ́nu, ẹ̀yin tí ẹ lẹ́nu náà kò sọ ọ́.

Mo gbé agolo náà lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ọmọ lè gbé ẹrù bàbá rẹ̀ fún ọmọ ẹ̀yìn bàbá rẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ́ tó dí mi lọ́wọ́ ìyẹn. Mi ò fẹnu kan áàpù. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Bọ̀ọ̀dá Làmídì, mo ní ẹ̀yìn àga yín ni mo ti rí i. Ó ṣí i, ó wò ó pẹ́. Ó mú ọ̀kan, ó gbìyànjú láti jẹ ẹ́, ó sì jáde lọ dúró sẹ́yìn ọkọ̀ omi. Nígbà tó padà wọlé, ó wo ojú mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Odò Ògùn tẹ kò sí àlàáfíà. Bàbá, inú mi dùn. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń sunkún, inú mi sì ń dùn pé ẹnì kan sọ pé nǹkan ò dáa fún òun. Ṣé orí mi pé báyìí? Èmi náà tẹ tèmi, kò sí àlàáfíà, mi ò sì tíì fọ ẹnu.

Mi ò mọ̀ bóyá mo fi orógbó yín pa irọ́ fún un. Ẹ̀yin lẹ mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí ìkíni tí mo ń wá. Tí ilé bá jó, onílé ni gbogbo ayé ń kí. Ẹ kú iṣẹ́ nìkan ni àwa ń kí yín.

Ẹ kú ewu iná, Bàbá mi. Iná Ìgbẹ̀ìn ni mo ń kí yín fún.

Èmi ni,
aláròyé yín, tó ti dákẹ́ báyìí, tó ń gbọ́ yín.