Orí, Apá àti Alàgbà Adébíyìí Ṣówándé (1948–2025)

Ìró kùmọ̀ tí wọ́n fi ń lu aṣọ àdìrẹ títí yóò fi dán ni Alàgbà Adébíyìí Ṣówándé máa ń sọ pé òun kọ́kọ́ gbọ́ láyé: gbì, gbì, gbì, láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Ìtokò, Abẹ́òkúta, ni wọ́n bí wọn sí lọ́dún 1948. Pa Josiah Ṣówándé, káfíńtà, ni bàbá wọn. Madam Wúràọlá, aláró, ni ìyá wọn. Ẹ̀gbọ́n wọn kan ṣoṣo, Màmá Rẹ̀mílẹ́kún, ló pọ̀n wọ́n dàgbà, òun náà ló sì jogún ìkòkò aró.

Lọ́dún 1972, wọ́n wá kọ́ ẹ̀kọ́ fìlọ́sọ́fì ní London. Ìbéèrè kan ni kò jẹ́ kí wọ́n sinmi: kí ni ènìyàn fi ń mọ̀ pé nǹkan rẹwà, orí ni tàbí ara? Lásìkò yẹn, orí ni wọ́n gbè lẹ́yìn. Nígbà tí Màmá Rẹ̀mílẹ́kún fi àdìrẹ kan ránṣẹ́ lọ́dún 1979, wọ́n kọ̀wé padà pé aṣọ náà dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ lásán ni, ìrònú kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun Màmá. Ìkíni ọdún Kérésìmesì nìkan ló kù láàárín tẹ̀gbọ́n tàbúrò.

Ọdún 1981 ni wọ́n gbé Veronica Àbẹ̀bí, nọ́ọ̀sì, níyàwó ní Woolwich, wọ́n sì fi ẹ̀gbẹ́ adágún Southmere ní Thamesmead ṣe ilé. Fìlọ́sọ́fì kò fún wọn ní búrẹ́dì jẹ. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi tọ́jú àwọn arúgbó káàkiri Thamesmead. Ìyá àgbà kan wà tó ti gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ tó bí, ṣùgbọ́n tó bá ká aṣọ ìbùsùn, etí aṣọ á ṣe régí. Bàbá á délé, wọ́n á ní, "Àbẹ̀bí, ta ló rántí, orí ni àbí ọwọ́?" Mummy á ní, "Daddy Ọpẹ́, ẹ jẹun kó má tutù. Ọwọ́ ló ń mú òkèlè."

Ogún ọdún ni wọ́n fi jẹ́ alàgbà nínú ìjọ wa. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá ní Tavy Bridge. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni pé a kì í fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí àgbà.

Lọ́dún 2022, àrùn rọpárọsẹ̀ mú ọwọ́ ọ̀tún wọn àti ohùn wọn lọ. Wọ́n wá rí i pé láìsí bírò lọ́wọ́, ìrònú wọn kì í dúró sójú kan. Ọ̀rọ̀ 1979 bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wọ́n lọ́kàn, wọ́n sì fẹ́ tọrọ àforíjì. Ọmọọmọ wọn, Delight, ní kóun bá wọn tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Wọ́n mi orí, torí ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kọ èébú náà. Delight ní, "Grandpa, lo left hand now. Ọwọ́ ṣáà ni." Orí wọn gbà, apá kọ̀. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń gbé fóònù, tí wọ́n ń gbé e padà sílẹ̀.

Nínú oṣù Kẹta ọdún yìí, ìròyìn dé pé Màmá wà ní ọsibítù. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Bàbá jókòó síwájú fèrèsé pẹ̀lú fóònù àti ìka òsì kan ṣoṣo, fún wákàtí kan gbáko. Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn náà ni wọ́n sùn.

Wọ́n fi ìyàwó sáyé, pẹ̀lú Màmá Rẹ̀mílẹ́kún tí Ọlọ́run ti gbé dìde; ọmọ méjì, Ọpẹ́olúwa àti Moráyọ̀; ọmọọmọ méjì, Delight àti Ethan.

Ẹ sùn re, Bàbá. Ẹ̀yìn yín á dára. Màmá ní ká tẹ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun síbí:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ọwọ́ òsì ni. Irọ́ ni mo kọ lọ́jọ́sí. Ọwọ́ yín ti ń ronú kí n tó mọ ìwé kà. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí n tó tẹ èyí. Orí orúnkún nìkan ni mo lè dé."