Bí Wọ́n Ṣe Kà Mí Mọ́ Àwọn Olókìríkà

Bàbá mi, ọkọ ìyá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi ro ẹjọ́ mi, kí àwọn télọ̀ Ọ̀fà tó fi kún un.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ ni ìjọba gbé ètò ọrọ̀-ajé tí wọ́n ń pè ní Sáàpù dé. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ọjà òkèèrè, náírà wálẹ̀, aṣọ tuntun wọ́n bí imí eégún. Òkìríkà, àlòkù òyìnbó, gba ìgboro. Ní ṣọ́ọ̀bù yín, níbi tí ẹ ti máa ń fi abẹ́rẹ́ há ẹnu bá oníbàárà wí, èmi àti máṣíìnì kàn ń wo ara wa ni. Ìyá Bísí, ìyàwó mi, ló ń bọ́ wa. Òkìríkà ló ń tà. Ẹ má bínú.

Ni Alhaji kan bá jáde fún ipò alága ìjọba ìbílẹ̀. Ó ní òyìnbó ló ń fi àlòkù pa wá lébi, pé bí òun bá wọlé, òkìríkà kò ní wọ Ọ̀fà mọ́. Àwa télọ̀ pariwo títí ohùn fi há. Ìyá Bísí bi mí pé kí la ó wá máa jẹ. Mo ní Alhaji yóò wá nǹkan ṣe sí i. Lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sí ẹran nínú ọbẹ̀ mi.

Gbangba la ti dìbò: kálukú tò sẹ́yìn fọ́tò ẹni tó fẹ́. Mo tò sẹ́yìn Alhaji. Ìyá Bísí tò sí ìlà alátakò rẹ̀ pẹ̀lú àwọn olókìríkà, kò tilẹ̀ wojú mi. Èmi ni mo gbé ọmọ wa tuntun. Ọkùnrin ni, lẹ́yìn yín la bí i, Babátúndé la sọ ọ́.

Bí wọ́n ṣe fẹ́ kà wá ló bú sẹ́kún. Mo rẹ̀ ẹ́, mo jó, mo ki oríkì yín, ó já sí pàbó. Mo bá sáré gbé e lọ fún ìyá rẹ̀ kó fún un lọ́mú. Kí n tó yí padà, òṣìṣẹ́ ìdìbò ti ní kí ẹnikẹ́ni má kúrò níbi tó wà. Ó kà mí mọ́ àwọn olókìríkà. Alhaji fìdí rẹmi.

Ẹgbẹ́ télọ̀ pè mí, wọ́n fẹ́ lé mi kúrò nínú ẹgbẹ́ tí ẹ̀yin dá sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Alága wọn, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, bi mí pé ta ló rán mi lọ sí ìlà yẹn. Mo gbé Babátúndé lé e lẹ́sẹ̀.

“Bàbá mi ni. Ẹ bi wọ́n.”

Ó wo ọmọ títí. Ó rọra kí i pé, “Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá,” ó sì tú ìpàdé ká.

Bàbá, ṣé ẹ̀yin ni lóòótọ́? Bí ẹ bá ti padà dé, kí ló dé tí àárò yín ṣì ń sọ mí báyìí?

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ń nu ìdí yín.