Bí Bàbá Ṣe Ru Pákó Rélùwéè Lọ́jọ́ Ọjà

                                                  Ilé Bàrúwà,
                                                  Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀ Rélùwéè,
                                                  Ìlaròó,
                                                  Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                                  Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹwàá, 1978.

Ẹ̀gbọ́n mi Àúdù ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àjò o, ẹ kú òtútù, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìwé kíkà. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ìyàwó yín ńkọ́? Ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn? Ikọ́ tí ẹ sọ nínú lẹ́tà yín, ṣé ó ti fi yín sílẹ̀? Màmá ní kí n bi yín bóyá ẹ ń fi àdí tí àwọn fi ránṣẹ́ pa àyà, àbí inú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ gbé e sí. Gbogbo wa nílé le koko, alihamdulilahi.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ dá iná sílẹ̀ nílé wa tí ẹ jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù tí ẹ ń mu tíì. Ṣé ẹ rántí ohun tí ẹ kọ nípa ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ bí òkété? Ẹ ní irin rẹ̀ ti gbó, pé ìgbà tí ará ìlú bá ti sùn ni wọ́n ń tún un ṣe, tí ilẹ̀ bá sì mọ́, èrò á máa wọkọ̀ wọn lọ láìmọ̀ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan. Mo ka ibẹ̀ sí Bàbá létí. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n máa fi dí àbúrò wa Àṣíáwù lọ́nà.

Àṣíáwù ti rí ẹni tó wù ú o. Nàfíù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìpókíà, ọmọkùnrin dúdú kan báyìí tó ga bí òpó wáyà, tó máa ń rẹ́rìn-ín kí èèyàn tó parí àwàdà. Nígbà tí àwọn ẹbí rẹ̀ gbé obì wá tọrọ Àṣíáwù, ẹ̀rín wà lẹ́nu Bàbá títí wọ́n fi bèèrè iṣẹ́ ọwọ́ ọmọkùnrin náà. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní òun ni ọ̀gá àwọn tó ń tún ojú irin ṣe láti Ìlaròó dé Ìfọ̀. Yéè! Ojú Bàbá yí padà. Ẹ ṣáà gbọ́ pé lọ́dún tó kọjá, wọ́n dá ọkọ̀ dúró nítorí àtúnṣe, tòmáàtì Bàbá jẹrà sí ibùdókọ̀, eṣinṣin ń ṣọdún lórí rẹ̀. Bàbá ní, "Ẹni tó ba ọjà mi jẹ́ ló tún fẹ́ wá kó mi lọ́mọ lọ?"

Ibẹ̀ ni wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ lẹ́tà yín yọ. Wọ́n ní òyìnbó ń tún tiwọn ṣe láìdá èrò dúró. Wọ́n ní afárá kékeré kan wà lẹ́yìn abúlé Ọ̀ṣunníyì tí pákó abẹ́ irin rẹ̀ ti jẹrà. Kí Nàfíù tún un ṣe tán, kí ọkọ̀ ọjọ́ ọjà má sì dúró lọ́nà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá dúró, kí wọ́n wá gbé obì wọn. Ẹ kú ọgbọ́n o, ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù!

Nàfíù ò jiyàn. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá lọ sí Èkó, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ á yọ pákó tó ti jẹrà, wọ́n á ki tuntun bọ ibẹ̀, wọ́n á kàn án mọ́ irin kí ọkọ̀ tó padà. Ọkọ̀ ò dúró rí. Ó kàn máa ń rọra rìn lórí afárá náà ni, bí ìyàwó tuntun tó ń wọlé ọkọ. Ṣùgbọ́n ọkàn Àṣíáwù ò balẹ̀. Bí òjò bá ṣú, á jáde lọ wo ojú ọ̀run. Ó wá bá mi nínú yàrá lọ́jọ́ kan, ó ní bí kì í bá ṣe Nàfíù, òun ò fẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́, ó sì sunkún débi pé àánú rẹ̀ ṣe mí gidigidi.

Ni èmi náà bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ mí mọ́. Gbogbo ọjọ́ ọjà tí mo bá ń tẹ̀lé Bàbá lọ, Àṣíáwù á di ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ fún mi, èmi á fi í pamọ́ sábẹ́ ìborùn. Bàbá kì í pẹ́ sùn nínú ọkọ̀. Tí a bá ti dé orí afárá tí ọkọ̀ ń rọra rìn, màá nawọ́ jáde lójú fèrèsé, Nàfíù á gbà á, Bàbá á sì máa hanrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ má bá mi wí o. Nígbà tí ẹ̀yin náà ń wá ìyàwó yín, ta ló ń bá yín jíṣẹ́?

Ó wá ku ọjọ́ ọjà kan ṣoṣo kí iṣẹ́ parí. Òjò àrọ̀kúrò rọ̀ mọ́jú. Lọ́rí tó ń kó pákó tó kù bọ̀ rì sínú ẹrẹ̀ nítòsí afárá, dírẹ́bà rẹ̀, ará Ìpọ̀bẹ́, ń fi Faransé gégùn-ún fún táyà. Nàfíù sì ti yọ àwọn èyí tó jẹrà ní kùtùkùtù, torí ó gbà pé lọ́rí á dé kí ọkọ̀ tó dé. Bí ọkọ̀ wa ti yọ sí afárá báyìí, òun la rí láàárín ojú irin tó ń ju àsíá pupa. Ọkọ̀ dúró gbagidi. Bàbá jí.

"Ó tán!" Wọ́n bọ́ sílẹ̀ tagbádá-tagbádá. "Kí wọ́n wá gbé obì wọn!" Nàfíù dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, Bàbá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò rí i. Ẹ̀gbọ́n mi, inú mi bàjẹ́, omi bọ́ lójú mi. Mo ń ro bí mo ṣe máa délé lọ sọ fún Àṣíáwù.

Ìyá Ọmọ́délé ló gbà wá. Òun àti Bàbá ni wọ́n jọ ń ta tòmáàtì, wọn kì í sì í gbà fún ara wọn. Ó yọrí lójú fèrèsé, ó ní, "Bàbá Àúdù, ẹ máa bínú lọ, ẹ ṣáà rántí pé oòrùn ń yọ. Tòmáàtì ò mọ̀rọ̀ obì, jíjẹrà ló mọ̀." Bàbá wo oòrùn, wọ́n wo apẹ̀rẹ̀ wọn. Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti bọ́ agbádá, wọ́n jù ú lù mí, wọ́n ń pariwo mọ́ gbogbo èrò pé kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá ru pákó láti ìdí lọ́rí náà. Ẹ wá wo Bàbá ní ìdí pákó kan, Nàfíù ní ìdí kejì, tí Bàbá ń jágbe mọ́ ọn bọ̀ lọ́nà: "Gbé e sókè! Àbí o ò jẹun ni?" Tọkùnrin tobìnrin la rù ú, àwọn èèyàn Nàfíù sì ń kàn án bí a ṣe ń gbé e dé.

Nígbà tí wọ́n kan èyí tó gbẹ̀yìn, ebi ti ń pa gbogbo wa. Mo tú ẹrù abẹ́ ìborùn mi sílẹ̀. Bàbá àti Nàfíù jókòó sórí irin kan náà, wọ́n ń jẹ. Bàbá jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ kan, wọ́n jẹ èkejì, wọ́n wá dúró. "Ta ló se èyí?" Mo gbójú sókè, mo ń wo ẹyẹ. Wọ́n mọ ọwọ́ ọmọ wọn. Wọ́n wò mí bí ẹni máa gbé mi mì, ṣùgbọ́n wọn ò gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ náà sílẹ̀.

A padà wọkọ̀, ó kọjá lórí afárá, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Àfi bí Bàbá ṣe tún jókòó tí wọ́n ní ọkọ̀ ṣáà dúró, ọ̀rọ̀ àwọn ò yí padà. Mo bá sún mọ́ Ìyá Ọmọ́délé, mo sọ ọ̀rọ̀ kan sí i létí. Ẹ ò rí i bí ojú rẹ̀ ṣe tàn! Ó dìde láàárín ọkọ̀, ó ní, "Bàbá Àúdù, ẹ dákun, kí la ó máa pè yín? Nílẹ̀ wa, àna ló ń wá ṣe ọ̀wẹ̀ fún bàbá ìyàwó. Ẹ̀yin lẹ wá lọ ṣe ọ̀wẹ̀ fún ọmọkùnrin yìí, ẹ sì jẹ oúnjẹ ọ̀wẹ̀. Bí kì í bá ṣe àna yín, a jẹ́ pé lébìrà rẹ̀ lẹ jẹ́. Èwo ni ká mú?" Gbogbo èrò na ọrùn wo Bàbá.

Bàbá fò dìde. "Lébìrà! Èmi Bàrúwà? Ọmọ mi ni mo lọ ràn lọ́wọ́!"

Ẹyin lohùn. Kí wọ́n tó fọwọ́ bo ẹnu, àwọn obìnrin ti dá orin ìyàwó, gbogbo ọkọ̀ ń kí wọn kú oríire àna. Bàbá jókòó, wọ́n kọjú sí fèrèsé títí a fi dé Ìfọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yíjú sí mi, wọ́n rẹ ohùn wálẹ̀, wọ́n ní ṣé ọ̀lẹ̀lẹ̀ kankan ṣẹ́ kù.

Lẹ́yìn Iléyá la máa so yìgì, ẹ bá wa ṣàdúà kó bọ́ sí i. Àṣíáwù kí yín, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Màmá kí yín, Ìyá Ọmọ́délé náà ní kí n kí yín dáadáa. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, kí ẹ sì gbé ọmọ mọ́ra fún mi. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín fún wa.

                                                  Èmi ni àbúrò yín tí kì í gbélé jẹ́ẹ́,
                                                  Àṣìkẹ́ Bàrúwà.