Okùn Tó Wà ní Ìdí Wáípà

Bàbá mi, Jẹ́jẹ́ ọkọ Màámi,

Ẹ kú ilé ìsinmi. Màámi ń kí yín. Ẹsẹ̀ wọn tó wú ti ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ti padà sí ṣọ́ọ̀bù tóóró wọn ní Boundary, ní ìdí òwú àti bọ́tìnnì. Ilé wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀, àfi òrùlé tó ń jò lápá ibi tí ẹ máa ń tẹ́ ẹní ìkírun yín sí. A ti pe káfíńtà sí i, ó ní òun ń bọ̀, ẹ sì mọ irú "mò ń bọ̀" tí àwọn káfíńtà máa ń sọ. Ó yẹ kí n sọ pé àlàáfíà ni èmi náà wà, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ purọ́ fún yín lónìí. Ọ̀rọ̀ irọ́ gan-an ni mo jókòó láti kọ sí yín.

Nọ́ńbà Méje, tí ẹnikẹ́ni kò tíì wà láti ọjọ́ tí ẹ ti fi í sílẹ̀, dé ọ̀dọ̀ mi, Bàbá. Fọ́kílíìfù yín, èyí tí ẹ fi gbé ẹrù fún ọdún mọ́kànlá ní yáàdì wa ní Wharf Road, tí wọ́n bá ti gbọ́ ìró rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán báyìí, wọ́n á ti máa pariwo pé, "Na Jẹ́jẹ́ dey come so!" Ọ̀gá ní kí n tú kábíìnì rẹ̀ palẹ̀, kí n tún un ṣe láti òkè délẹ̀: síìtì, gíláàsì, rọ́bà ẹnu ọ̀nà, wáyà, kí awakọ̀ tuntun lè rí ibi gidi jókòó sí. N kò lè ní rárá. Èmi ni wọ́n gbà fún iṣẹ́ kábíìnì, kò sì sí ẹlòmíràn.

Mo dúró tì í fún ìgbà díẹ̀ kí n tó gòkè. Ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ wọ ibẹ̀. Ẹ óò nu ìsàlẹ̀ bàtà yín, ọ̀tún kí òsì tó tẹ̀ lé e, ẹ óò ní bisimiláì, kí ẹ tó fi ìdí kan síìtì. Èmi náà nu bàtà mi. Síìtì yẹn ti tẹ̀ sí apá òsì, ibi tí ẹ máa ń fì sí láti bojú wẹ̀yìn, nítorí ẹ kò gba dígí gbọ́ rí láyé yín. Mo jókòó sínú kòtò tí ìdí yín gbẹ́ síbẹ̀, ó gbà mí, ó tún ṣẹ́ kù. Ni mo bá bú sẹ́kún. Ṣùgbọ́n bí a ti ń sunkún náà la ti ń ríran. Mo nu ojú mi, mo mú sípánà.

Mo tú síìtì kúrò. Sípíríìnì méjì ló ti kú lábẹ́ rẹ̀. Báwo lẹ ṣe ń fi egungun ẹ̀yìn gba gbogbo kòtò yáàdì yẹn, tí ẹ óò délé tí a kò ní gbọ́ "ẹ̀yìn mi o" lẹ́nu yín? Mo bá èèpo orógbó yín níbẹ̀, mo bá ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà kan tó já bọ́. Mo sì bá okùn kan, okùn ọ̀rá aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi ń di ẹrù, tí ẹnì kan ká jọ tó sì tì bọ inú ihò ìsàlẹ̀ síìtì. N kò kà á sí. Mo jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lẹ́yìn náà ni mo dé ìdí wáípà tó ń nu omi òjò kúrò lójú gíláàsì. Mo ṣí ìbòrí dúdú tó wà lókè gíláàsì iwájú. Wáyà tó ń gbé iná lọ sí wáípà ti bó, irin ló ń ha á lára láti ọjọ́ pípẹ́, ibi tó bó náà sì ti dípẹtà. Bí ibẹ̀ bá gbẹ, iná á kọjá, wáípà á máa jó. Bí omi bá ti kàn án, ó parí. Mo bọ́ síta láti wo ọwọ́ wáípà fúnra rẹ̀. Kókó okùn búlúù kan wà ní ìdí rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ọ̀tì, ẹni tó gé e fi ọ̀bẹ gé e ni. Mo lọ mú èyí tí mo jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ wá. Ẹnu méjèèjì bára mu.

Bàbá, ẹ̀yin lẹ ń fi ọwọ́ fa wáípà lọ́jọ́ tí jàǹbá yẹn ṣẹlẹ̀. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì rẹ̀ kí ó lè máa mì, ẹ so okùn mọ́ ọn, ẹ gba ojú fèrèsé fa okùn náà wọlé, bí àwọn onímọ́tò àtijọ́ ti máa ń ṣe. Ẹ fà á wá sọ́dọ̀ yín, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀ kó fúnra rẹ̀ padà, ẹ tún fà á. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù fún ìdarí ọkọ̀ àti ẹrù. Lẹ́yìn tí nǹkan bàjẹ́ tán, nígbà tí gbogbo wa ń sáré tẹ̀ lé àwọn tó gbé Lúkà tó fara pa lọ sí ẹnu géètì, ẹ dúró sẹ́yìn. Mo rò pé ìpayà ló dá yín dúró. N kò mọ̀ pé ẹ ń gé okùn ni, ẹ ń fún nọ́ọ̀tì le padà, ẹ ń kó ẹ̀rí pamọ́ sábẹ́ ìdí ara yín. Èmi lẹ sì ń kó o pa mọ́ fún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde báyìí, kí n má tún dọ́gbọ́n sí i. Mo mọ̀ pé wáípà yẹn kò pé. Ọjọ́ Sunday tó ṣáájú ni ẹ sọ fún mi nídìí ẹ̀bà pé bí òjò bá ti ń rọ̀ ni ó ń dákú. Èmi sì ni mo ṣe sáfíìsì kábíìnì yẹn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, tí mo buwọ́ lùwé pé gbogbo rẹ̀ pé. Oṣù mẹ́fà ìdánwò mi ku ọ̀sẹ̀ kan péré kí wọ́n tó sọ mí di òṣìṣẹ́ gidi. Mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má tíì kọ ọ́ sínú ìwé àyẹ̀wò tí awakọ̀ ń kọ láràárọ̀, pé tó bá di Saturday màá yọ́ tún un ṣe, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Ẹ wò mí, ẹ gé òkèlè kan sí i, ẹ wá fèsì.

"Ó dáa, ìyá mi."

Láràárọ̀ ni ẹ ń fi máàkì sí i pé wáípà dára. Ní Thursday, òjò dé. Lúkà tó máa ń ka ẹrù dúró níbi tí ẹ kò ti rí i, Nọ́ńbà Méje sì gun ẹsẹ̀ rẹ̀. Egungun rẹ̀ ṣẹ́ sí ọ̀nà méjì.

Nígbà tí wọ́n pè yín síwájú ìgbìmọ̀, ìwé àyẹ̀wò ní wáípà dára. Wọ́n tan wáípà wò lábẹ́ oòrùn ọjọ́ kejì, ó jó dáadáa. Wọ́n bi yín, ẹ ní ojú yín ló ṣáko. Wọ́n wá bi èmi bóyá mo gbọ́ pé ohunkóhun bàjẹ́ nínú kábíìnì. Mo ní kò sí ẹni tó mú ìwé kankan wá fún mi. Kì í ṣe irọ́, àbí? Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí wọn kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n tí irọ́ sàn jù wọ́n lọ. N kò lè wo ojú yín nínú yàrá yẹn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń tan ara mi pé bóyá wáípà ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó ṣe tán, ó ṣiṣẹ́ lójú wọn. Wọ́n ní kí ẹ máa lọ sílé. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni wọ́n fún mi ní lẹ́tà iṣẹ́ mi.

Ẹ kò fi ẹnu kàn án fún mi, kò sí ìgbà kan rí. Ẹ óò jí ní kùtù, ẹ óò wọ ṣẹ́ẹ̀tì káákì yín bí ẹni ń lọ síbi iṣẹ́, ẹ óò wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Èmi á gba iwájú yín kọjá nínú ófáròlù mi. Bí mo bá dé, ẹ óò béèrè Nọ́ńbà Méje lọ́wọ́ mi bí ẹni ń béèrè ọmọ tó wà nílé ẹ̀kọ́. Ṣé ẹ ń ṣílẹ̀kùn fún mi ni, Bàbá? Ṣé ẹ ń dúró kí n wọlé kí n sọ ọ́? Mo dé ẹnu ọ̀nà yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ̀jẹ̀ ríru sì gbé yín lọ kí n tó ya ẹnu mi. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, mo ti mọ ìyẹn tipẹ́, n kò mọ̀ pé ó máa ń dunni nínú ẹran ara báyìí.

Ohun kan wà tí ẹ kò mọ̀. Ní gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè, kí ẹnikẹ́ni tó mú irinṣẹ́, ọ̀gá ètò ààbò máa ń kó gbogbo wa jọ sábẹ́ ìbòji, á sì sọ̀rọ̀ nípa jàǹbá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ní kí ẹ máa lọ sílé, ìtàn yín ni ó ń pa fún àwọn tuntun.

"Ẹ má ṣe bíi Jẹ́jẹ́ o! Old man wey no dey look front, see as e break person leg."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n ní ta ló ń jẹ́ Jẹ́jẹ́ tó ń gun èèyàn mọ́lẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ ní Mọ́ńdè tí n kò lè kà. Ẹ kú tán, wọn kò dẹ́kun. Mo máa ń dúró sẹ́yìn, màá máa wo bàtà mi.

Lẹ́yìn tí mo rí okùn, mo tún wáyà yẹn ṣe, mo bu omi dà á títí, wáípà kò dákẹ́. Mo parí síìtì, mo fi sípíríìnì tuntun sí i. Lẹ́yìn náà mo wá Lúkà lọ sí ibùdókọ̀ Coconut, níbi tó ti ń ka ẹrù fún àwọn onítírélà báyìí. Ó ṣì ń tiro. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn mẹkáníìkì. Mo rò pé yóò gbá mi.

"So na wrong person I dey vex for since," ó ní. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "And the man don die."

Kò bú mi. Ó dìde, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ìbá sàn kí ó bú mi.

Mo sọ fún Màámi ní Sunday. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n lọ fọ abọ́. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ abọ́ kan ṣoṣo fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ní kí n gbé ófáròlù mi wá kí àwọn lọ̀ ọ́.

"Ẹni tó fẹ́ lọ ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ níwájú èèyàn," wọ́n ní, "kì í wọ aṣọ rírún lọ."

Ojú wọn ti pọ́n. Títí di òní, a kò tíì tún jọ sọ ọ́.

Nígbà tí ọ̀gá ààbò dé ibi "ẹ má ṣe bíi Jẹ́jẹ́" ní àárọ̀ Mọ́ńdè ọjọ́ kejì, mo kọjá láàárín wọn lọ síwájú. Mo fi okùn méjèèjì hàn wọ́n. Mo sọ pé ojú bàbá mi kò ṣáko, pé ọmọ rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ kó má kọ òótọ́ sínú ìwé nítorí iṣẹ́, àti pé èmi ni ọmọ náà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kí n máa fọ páàtì ọkọ̀ ní ẹ̀yìn títí wọn yóò fi pinnu. Bóyá wọn yóò lé mi, bóyá wọn kò ní lé mi. Ẹ̀rù ń bà mí, n kò ní tan yín. Ṣùgbọ́n wọ́n mú fáìlì yín jáde, wọ́n sì kọ òtítọ́ sí i níṣojú mi.

Àná tún jẹ́ Mọ́ńdè. Ọ̀gá ààbò tún pa ìtàn náà, kò dárúkọ yín mọ́. Orúkọ mi ló dá. Àwọn tuntun yíjú wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ẹnì kan fi ìgbọ̀nwọ́ gún èkejì. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n tíì wò mí bẹ́ẹ̀, Bàbá, mo délé, mo gbé abọ́ oúnjẹ mi padà fún Màámi. Ẹ̀yin gbé ẹ̀bi mi fún ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, nídìí abọ́ kan náà pẹ̀lú mi, tí ẹ óò sì tún mú ẹran tiyín sí ẹ̀gbẹ́ òkèlè mi. Báwo lẹ ṣe ṣe é?

Èmi ni,
ọmọ tí ẹ fi ara yín bò, tó ti jáde síta.