Ẹ́sì Yàrá Ìsàlẹ̀

Ìkòsí, ọjọ́ Àìkú, oṣù Ẹrẹ́nà 2007

Ara bàbá ọkọ mi ti yá. Wọ́n mu ẹ̀kọ, wọ́n sì ti sùn. Ẹ ṣé, Olúwa.

Látìgbà tí ọkọ mi ti sọ yàrá abẹ́ ilé di ibi ìwòran fíìmù ni ooru ibẹ̀ ti ń dà á láàmú. Lánàá ló lu ihò sí ògiri, ó sì ki ẹ́sì amúlétutù bọ ihò náà.

Mo ní, "Daddy Tólú, ẹ̀yìn ògiri yìí ni jẹnẹrétọ̀ wà o."

Ó ní èéfín ò lè gbabẹ̀ wọlé.

Lónìí, ó mú èmi àti Bàbá sọ̀ kalẹ̀ lọ wo fíìmù. Yàrá náà tutù lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n mú iná lọ, a tan jẹnẹrétọ̀. Kò pẹ́ tí Bàbá fi dì mí lọ́wọ́ mú.

"Ìyàwó, orí ń fọ́ mi. Ojú mi ń ṣú."

Èmi náà ti ń gbóòórùn èéfín. A gbé wọn jáde síta kíákíá. Nọ́ọ̀sì àdúgbò wá yẹ̀ wọ́n wò títí èémí wọn fi já geere.

Ọkọ mi pa jẹnẹrétọ̀, ó yọ ẹ́sì, ó sì fi búlọ́ọ̀kù dí ihò náà. Èmi ni mo ń gbé búlọ́ọ̀kù fún un.

Bàbá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ṣé wọ́n padà mú olè inú fíìmù yẹn?"

Ọkọ mi fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló gbà á.

Nígbà tí iná dé, ó gbé tẹlifíṣọ̀n wá sí pálọ̀, ó jókòó ti bàbá rẹ̀. Ẹ̀fọn pọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ti fèrèsé kankan.